Àga Pupa Inú Ilé Ìdáná

Kò sẹ́ni tó wọ ilé ìdáná Ìyá Ropa rí tí kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa àga náà. Àga tìmùtìmù ńlá ni, ẹni mẹ́ta lè jókòó lé e láìfara kan ara, ó pupa yòò, Ìyá Ropa sì ti fi aṣọ òwú funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bo ẹ̀yìn rẹ̀ àti apá rẹ̀ méjèèjì. Kò burú. Ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná ló gbé e sí o! Nínú ilé roboto oníkoríko tí iná igi ń jó láàárín rẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó sórí pèpéle amọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí àwa obìnrin ń tẹ́ ẹní lọ́wọ́ òsì.

"Ta ló ń gbé irú àga yìí sídìí ààrò?" Ìyá Shupikai, aládùúgbò rẹ̀, kì í yé bi í. "Ṣé ìkòkò ni yóò máa jókòó lé e ni?"

"Èmi ni n ó máa jókòó lé e."

"Èéfín á bà á jẹ́."

"Èéfín ti ba èmi náà jẹ́, wọn ò sì tíì gbé mi jù síta."

Bí ẹ bá bi èmi náà, n ó sọ pé kò bójú mu. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí. Ilé ńlá wà níwájú, oníyàrá méjì, onípáànù, ibẹ̀ là ń gbé àga sí kí àlejò lè rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yìí fẹ́ràn láyé ni pé kí ó jókòó lọ́sàn-án, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó máa wo pẹpẹ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi amọ̀ mọ pẹpẹ náà mọ́ ara ògiri, láti ilẹ̀ dé ìbàdí, òun ló fi amọ̀ pupa àti eérú funfun fa ìlà sí i lára. Ìkòkò mẹ́fà tò sórí rẹ̀, láti orí ńlá dé orí kékeré. Àwo dúró lẹ́yìn ìkòkò, gbogbo wọn kọjú síta bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Lókè àwo ni ife mẹ́jọ ti fi etí kọ́ ìṣó. Ilẹ̀ dúdú tó ń dán, bí ẹ bá wolẹ̀ ẹ ó rí eyín ara yín. Wọ́n ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Tirẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ló ń dùn mọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ àga yìí ń bí nínú jù ni Vatete. Vatete là ń pe arábìnrin bàbá ẹni ní ilẹ̀ wa níbí. Bàbá ni, ó kàn jẹ́ obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Arábìnrin bàbá Tavengwa, ọkọ Ìyá Ropa, ni Vatete yìí. Láti ọdún mẹ́rin tí Tavengwa ti ra àga náà wá láti ìlú, ìyá arúgbó kò fi ìdí kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wá kí wọn, ilẹ̀ ló ń jókòó sí, á kẹ̀yìn sí àga, á sì ní, "Ìyàwó, gbé nǹkan yìí kúrò níbí. Ó ń dí mi lójú." Ìyá Ropa á kúnlẹ̀, á gbé tíì fún un, àga á sì wà níbi tó wà.

Tavengwa kú nínú oṣù kẹta. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n wá pín aṣọ rẹ̀.

Aṣọ ni mo wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí i. Aṣọ òkú ni àwọn baba wa ní kí a pín: ẹ̀wù, bàtà, fìlà, bóyá ọ̀pá ìtìlẹ̀. N kò mọ ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì di aṣọ. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ di ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé tó yí wa ká ní Gutu níbí, bí ọkùnrin bá ti kú báyìí, àwọn arákùnrin rẹ̀ á wa kẹ̀kẹ́ ẹrù wá, bí wọ́n bá sì lọ tán, orí ilẹ̀ ni opó á máa sùn. Inú máa ń bí mi débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi nílé òkú mọ́.

Togarepi, àbúrò Tavengwa, ló yan ọjọ́. Ìyá Ropa ti bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá kékeré, ẹ jẹ́ kó di oṣù kejìlá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Johannesburg ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan láti ilé tiwa náà wà níbẹ̀."

Ó ní rárá. Oṣù kọkànlá ti ń kanlẹ̀kùn, oṣù kọkànlá sì ni oṣù ewúrẹ́, a kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òkú nínú rẹ̀. Ṣé kí ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n òun máa rìn káàkiri títí di Kérésì ni? Àwọn tó gbọ́ kàn mirí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Ìyá Ropa ga, ó síngbọnlẹ̀, kì í sì í fi ẹ̀rín gba ìrẹ́jẹ.

Kí oòrùn tó le ni wọ́n ti dé. Togarepi ló ṣáájú, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Loveness, tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin ẹbí bíi mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù méjì ń fà ló gbẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá Shupikai àti èmi ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, à ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Ó wo kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó wò mí.

"Aṣọ ọkùnrin kan ṣoṣo," ó ní, "òun ni wọ́n fẹ́ fi màlúù méjì fà?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, wọ́n ń bọ̀."

Vatete fẹsẹ̀ rìn wá láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já a sílẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ìgò áṣáà lọ́wọ́ kejì. Ó wọ ilé ìdáná, ó pàtẹ́wọ́ kí wa, a pàtẹ́wọ́ kí i. Kò tíì mí dáadáa tí ojú rẹ̀ fi dé ibi tó ń lọ.

"Àga yìí ṣì wà níbí?"

"Ó wà, Vatete. Ẹ kú ìrìn o."

"Kó tiẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà bí aláìsàn tó ń retí àbẹ̀wò. Kí sì ni òdòdó rọ́bà yẹn ń wá láàárín àwo?"

"Ó dára lójú mi, Vatete."

"Òdòdó tí kò lóòórùn. Aṣọ funfun nínú èéfín. O fẹ́ràn kí o máa fọ nǹkan ni, ìyàwó."

"Mo fẹ́ràn kí nǹkan funfun ni, mà."

Ìyá arúgbó pòṣé. Ó jókòó sórí ẹní, ó kẹ̀yìn sí àga bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Ropa gbé omi fún un lórí ìkúnlẹ̀.

Níta, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé ńlá. Pedzisai ló ń pín aṣọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tavengwa obìnrin, nítorí ọmọ arábìnrin ni í pín ẹrù òkú lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ibi tó bá dúró sí. Ó gbé kóòtù dúdú fún Togarepi. Ó fún arúgbó kan ní fìlà, ó fún òmíràn ní bàtà. Ropa, àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gba súwẹ́tà bàbá rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó fi bo imú, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wolẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀wù tó gbẹ̀yìn, Pedzisai pàtẹ́wọ́.

"Ó tán, ẹ̀yin bàbá."

"Kò tán," ni Togarepi wí.

Ó wọnú ilé ńlá. Àwọn ọkùnrin méjì tẹ̀lé e. Wọ́n gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n gbé rédíò jáde, wọ́n fẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì gba ẹnu ọ̀nà, tìmùtìmù rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ ológeere Tavengwa jáde. Ìyá Ropa ò mira. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde ló tó dìde.

"Bàbá kékeré, ìyẹn tèmi ni. Aṣọ òwú tí mo hun tà ni mo fi rà á. Òun ni mo fi ń rán aṣọ iléèwé fún gbogbo ọmọ abúlé yìí. Òun ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń jẹ."

"Abẹ́ òrùlé ta ló wà?"

"Bàbá kékeré, ẹ bá mi..."

"Mo ní abẹ́ òrùlé ta ló wà? Ìwọ lo kan páànù yẹn ni?"

Ìwọ! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú obìnrin yìí wọ agboolé, "ẹ̀yin" ni Togarepi ń pè é, torí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá Shupikai fún mi nígbòǹwọ́. Togarepi kọjú sí àwọn èrò, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé Togarepi rẹ́ opó jẹ. Mo mọ àṣà. Ohun tó bá wà nínú ilé ńlá, ti ọkọ ni, ẹbí ọkọ ló sì ni ín. Ohun tó bá wà nínú ilé ìdáná, ti ìyàwó ni. Kí ó máa mú ìkòkò rẹ̀, kí ó máa mú àwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú."

"Òótọ́ ni," ni àwọn ọkùnrin dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Pedzisai náà pàtẹ́wọ́.

Àṣà náà sì ni lóòótọ́. Ẹbí ọkọ kì í fọwọ́ kan nǹkan ilé ìdáná ìyàwó. Ẹni tó bá jí ìkòkò ìyá ọmọ gbé, àwọn ìyá tó ti sùn ní ìdílé ìyàwó á tọ̀ ọ́ lẹ́yìn délé, orí àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀. A mọ àwọn ilé tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kì í fi ìyẹn ṣeré.

"Àga pupa ńkọ́?" Ìyá Loveness ló bi í, jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́rin ló ti fojú sí i.

Togarepi rẹ́rìn-ín. "Àga kì í ṣe ìkòkò. Ta ló ń fi àga se sadza? Vatete fúnra wọn ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé nǹkan yẹn kì í ṣe ti ilé ìdáná. Àbí ẹ ò sọ ọ́, Vatete?"

Gbogbo ojú yí sí ìyá arúgbó tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá Ropa náà wò ó. Vatete da áṣáà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fín in, ó nu imú.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o. Áṣáà ló ń fín.

Ìyá Ropa padà wọ ilé ìdáná lọ ro sadza, òkèlè àgbàdo wa. Ẹ bá mi wo ìyà! Ewúrẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n pa, ìyẹ̀fun àgbàdo tirẹ̀ ni, òun tí wọ́n ń kó lẹ́rù ló tún ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń kó o. Ó di ọmọrogùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń rò ó bí ẹni tó ń bá a jà. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Èéfín ni," ó ní, nígbà tó rí i pé mo ń wo òun.

"Má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn lọ," ni Ìyá Shupikai wí.

"Kí ni kí n fi dá wọn dúró? Ọmọrogùn yìí?"

"Àti àga. Mo ti sọ fún ẹ láti ọjọ́ pípẹ́ kí o gbé àga yẹn sínú ilé."

"Ká ní mo gbé e sínú ilé, ṣebí ìta ni ì bá wà báyìí?" Ó gbọ́n sadza sínú àwo, ó fi omi dán ojú rẹ̀, ó yí i kó rí roboto. Ìbànújẹ́ kò ní kí obìnrin yìí má yí sadza kó rí roboto. "Wọ́n á gbé e náà. Wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí Vatete ò sọ̀rọ̀, ta ló kù?"

Ooru ọjọ́ náà kọjá sísọ. Láti oṣù kẹrin, ìkán omi kan ò tíì bọ́ láti ọ̀run. Níta, Togarepi ti fi àgádágodo tuntun tó mú wá láti ilé ti ilẹ̀kùn ilé ńlá pa. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ kékeré, ẹni tó ní kó ṣáájú da màlúù mẹ́rin tí Tavengwa fi sílẹ̀ lọ sílé òun, kí ẹnikẹ́ni má baà tún jiyàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so màlúù mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù láti kẹ́rù nígbà tí atẹ́gùn dé. Atẹ́gùn náà gbé eruku, ó gbé fìlà arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún fìlà. Nígbà tí a ó fi wòkè, ọ̀run ti dúdú. Àrá sán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn màlúù já okùn, wọ́n sá. Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ilẹ̀ pẹ̀lú ìkán ńláńlá.

"Ẹ gbé e wọlé!" ni ẹnì kan ké.

"Ilé ti wà ní títì! Kọ́kọ́rọ́ ti lọ!"

"Ẹ gbé e wọlé ìdáná!" Togarepi ló ń pariwo, ó ń sá síwá sẹ́yìn nínú kóòtù dúdú. "Ilé ìdáná! Kíá! Ẹ̀rọ yẹn, omi á jẹ́ kó dógùn-ún! Ìyá Loveness, gbé ẹ̀rọ wọlé ìdáná!"

Ìyá Loveness ru ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, ó sáré gbé e wọlé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá. Wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ sórí ẹní. Rédíò rí ààyè láàárín àwo àti òdòdó rọ́bà. Bẹ́ẹ̀dì ni kò gba ẹnu ọ̀nà ilé roboto náà wọlé, ó fẹ̀ ju àga pupa lọ, bí wọ́n ti yí i tó. Wọ́n fi í sílẹ̀ níta pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Gbogbo wa há sínú ilé ìdáná. Àwọn ọkùnrin tò sórí pèpéle, orúnkún kan orúnkún. Àwa obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó lórí àga pupa, torí ojú ń ti olúkúlùkù láti kọ́kọ́ ṣe é. Òjò ń lu koríko òrùlé, ọ̀rọ̀ ò ṣeé gbọ́. Ìyá Ropa gbé abọ́ ìwẹwọ́ yípo lórí ìkúnlẹ̀, ó da omi sí ọwọ́ gbogbo wọn, ó da omi sí ọwọ́ Togarepi. Togarepi ò wo ojú rẹ̀. A jẹ sadza, a jẹ ẹran ewúrẹ́, a jẹ ẹ̀fọ́. Ó dùn. Ojú tì mí pé ó dùn.

Vatete ń rún ẹran díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú eyín tó kù sí i lẹ́nu. Mo rí i tó wo ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú pẹpẹ. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wo rédíò láàárín àwo. Ó nu ọwọ́, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde, a rò pé ìta ló fẹ́ lọ, a ń yà fún un. Kò lọ síta. Ó dé ìdí àga pupa, ó fi ọ̀pá tì í wò bí ẹni tó ń wò bóyá ejò wà nínú rẹ̀. Ó yípo. Ó jókòó lé e.

Ìyá Shupikai gbàgbé òkèlè sí ẹnu. Ìyá Ropa tó ń kó àwo dúró gbọnin.

Òjò dá bó ṣe bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Togarepi nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti dá. Ẹ jẹ́ ká kẹ́rù kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ẹrù wo?" ni Vatete bi í.

"Ẹrù ẹ̀gbọ́n mi, Vatete."

"Níbo ló wà?"

Togarepi rò pé arúgbó ń ṣàwàdà. Ó nawọ́. "Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí."

"N kò rí ẹrù Tavengwa níbí. Ilé ìdáná ni mo rí. Pedzisai! Ìwọ lo ń pín nǹkan. Kí ni Togarepi sọ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan?"

Pedzisai wo Togarepi, ó wo ìyá arúgbó, ó tún ọ̀fun ṣe. "Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú ilé ńlá, ti ọkọ ni. Ohun tó bá wà nínú ilé ìdáná, ti ìyàwó ni."

"A pàtẹ́wọ́ sí i, àbí a ò pàtẹ́wọ́?"

"A pàtẹ́wọ́, Vatete."

"Vatete, òjò ló lé e wọ ibí!"

"Òjò lẹ́nu ni? Ohùn ta ni mo gbọ́ tó ń ké pé kí wọ́n gbé e wọlé ìdáná? Mo darúgbó. Etí mi ò tíì darúgbó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lápá ibi tí àwọn obìnrin wà. Kì í ṣe èmi. Ojú Togarepi pọ́n.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àga tẹ́ ẹ jókòó lé yẹn kì í ṣe nǹkan ilé ìdáná! Ọdún mẹ́rin lẹ fi sọ ọ́!"

"Mo ní kò wuyì," ni Vatete wí. "Kò sì wuyì. Mi ò ní kì í ṣe tirẹ̀."

Togarepi rìn lọ sí iwájú pẹpẹ, ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé e díẹ̀ nílẹ̀, ó wò yíká. "Ìyá Loveness. Wá rù ú."

Ìyàwó rẹ̀ ò dìde. Ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò mẹ́fà tó tò lẹ́yìn ẹ̀rọ náà.

"Mo ní wá rù ú! Ṣebí ìwọ lo gbé e wọlé?"

"Èmi ni mo gbé e wọlé," ó ní. "Ìwọ lo ní kí n gbé e wọ ilé ìdáná ìyá ọlọ́mọ, mo sì gbé e. Mi ò ní gbé e jáde. Mo bímọ mẹ́rin. Bó o bá gbé e, wá ilé míì gbé e lọ, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ mi ń sùn sí."

Togarepi wo àwọn ọkùnrin. Ọ̀kan ń ka igi àjà. Òmíràn ń wá fìlà rẹ̀, fìlà sì wà lórí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, gbogbo àwo tó wà lórí pẹpẹ kọjú sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jáde.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé opó borí. Màlúù mẹ́rin ti lọ. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ológeere lọ. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì tí Ìyá Ropa bí ọmọ mẹ́ta sí, omi ń dà ṣoroṣoro nínú tìmùtìmù rẹ̀, wọ́n sì ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ nínú ẹrọ̀fọ̀ fúnra wọn, torí màlúù Togarepi ṣì wà nínú igbó. Àgádágodo tuntun ń dán lára ilẹ̀kùn ilé ńlá. Ìyá Ropa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá igi máńgòrò.

"Ọlọ́gbọ́n obìnrin!" Ìyá Shupikai gbá a lẹ́yìn. "Láti ọdún mẹ́rin lo ti mọ̀! O gbé àga síbẹ̀, o ń rẹ́rìn-ín wa!"

"Kí ni mo mọ̀?" ni Ìyá Ropa wí. "Àwo mi ni mo fẹ́ máa wò."

Ó wọlé. Ropa ti gbé omi tíì kaná, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ti sùn lọ sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Vatete ò tíì kúrò lórí àga. Ìyá Ropa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣé, Vatete."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òwúrọ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí." Ìyá arúgbó da áṣáà sọ́wọ́, kò sì fín in. Aṣọ òwú funfun tó wà lápá àga ló ń fi ìka tọ́. "Nígbà tí ọkọ tèmi kú, inú ilé ìdáná gan-an ni wọ́n wọ̀. Wọ́n kó ìkòkò. Wọ́n kó ọmọrogùn tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ àṣà. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó jókòó."

Ìyá Ropa dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga. Mi ò rí ìyẹn rí, ìyàwó àti Vatete lórí àga kan. Ropa gbé tíì fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń wo pẹpẹ: ìkòkò, àwo, rédíò, òdòdó rọ́bà, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó jókòó níwájú gbogbo wọn.

"Ife kẹta yẹn wọ́," ni Vatete wí.

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Ropa ì bá ní ó dára lójú òun bẹ́ẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó lọ tún un kọ́.